Owó Wà Nínú Ìgò Bíà, Ṣùgbọ́n Ojú Ọ̀nà Ló Ń Jò Sí

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ọtí bíà, mínírà àti ọtí líle inú ìgò. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ẹnu kan ọtí, ẹ má ṣe tíì kọjá lọ o. Móòtì àti mínírà tí wọ́n ń gbé síwájú àlejò níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé díẹ̀ nínú wa ni irú ìpè yìí kò tíì bá. Àbúrò á pè láti ilé, á ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ò sí nílùú mọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó díẹ̀ kí n fi ṣí dẹ́pò ọtí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọtí kì í kùtà." Òótọ́ ló sọ, ọtí kì í kùtà. Yálà ìlú dùn tàbí ìlú le, àwọn ènìyàn wa yóò sìnkú, wọn yóò sọmọ lórúkọ, wọn yóò sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjà máa tà, ọ̀tọ̀ ni. Kí èrè dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ. Nílẹ̀ Yorùbá lónìí, iléeṣẹ́ tó ń pọntí kò wọ́n wa rárá. Ohun tó wọ́n wa ni ọ̀nà tí ọtí náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ mu ún. Ojú ọ̀nà ni owó náà ń jò sí, àwọn tí òjò náà sì ń pa jù ni àwọn àbúrò àti ìyá wa tó wà ní ìdí dẹ́pò kéékèèké. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó kàn ń fi pọ́n-ùn àti dọ́là ránṣẹ́, inú agbọ̀n ló ń da omi sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi náà gan-an. Nínú ìgò bíà kan, ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ omi. Mínírà náà kò yàtọ̀ púpọ̀: omi, ṣúgà, atẹ́gùn àti nǹkan adùn díẹ̀. Ta ló fẹ́ fi tírélà gbé omi láti Èkó lọ sí Kàdúná nígbà tí omi wà ní Kàdúná? Aṣọ lè ti Kánò wá sí Ìbàdàn kó ṣì mú èrè wá, torí pé kò wúwo tó owó tó ń pa. Omi ò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ìdí nìyí tí àwọn oníléeṣẹ́ ọtí fi máa ń kọ́ ilé ìpọntí sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kó lè sún mọ́ ẹnu tó fẹ́ mu ún.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Nigerian Breweries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú, l'Ékòó, ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ti Àbá ní 1957, ti Kàdúná ní 1963 àti ti Ìbàdàn ní 1982. Nigerian Bottling Company ti àwọn Leventis bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò l'Ékòó ní 1953. Seven-Up dé ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Guinness, tó jẹ́ pé láti Dublin ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e wá tẹ́lẹ̀, kọ́ iléeṣẹ́ sí Ìkejà ní 1962. Nígbà tó yá, wọ́n tún kọ́ òmíràn sí Benin.

Ẹ wá jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Iléṣà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Lawrence Omole, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló dá International Breweries sílẹ̀ ní 1971, ó sì pe àwọn ará Jámánì tó mọ iṣẹ́ ọtí mọ́ra. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni ọtí Trophy bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lítà mílíọ̀nù 20 ni agbára iléeṣẹ́ náà lọ́dún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1982, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sí lítà mílíọ̀nù 50. Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe Èkó, kì í ṣe etí òkun. Àárín ilẹ̀ Yorùbá ni, níbi tí Ifẹ̀, Òṣogbo, Èkìtì àti Àkúrẹ́ ti wà nítòsí.

Mo mọ ohun tí iléeṣẹ́ yìí ṣe fún ìlú náà, torí pé àbúrò ìyá mi kan ta ọtí ní Iléṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn á kó ìgò òfìfo sínú pikọ́ọ̀pù, wọn á sì gba iléeṣẹ́ lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọtí tuntun ti wà nílẹ̀, àwọn onílé ọtí ti ń wá gbé tiwọn. Kò sí pé ọkọ̀ sùn lọ́nà, kò sí pé a ń retí tírélà láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Owó kan náà ni wọ́n ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Èrè orí kíréètì kan kéré jọjọ, ṣùgbọ́n àyípadà owó náà ló ń mú un pọ̀. Èrè yẹn ni wọ́n fi rán ọmọ níléèwé dé yunifásítì. Èyí ni mo ń pè ní èrè ìtòsí, èrè tó wà torí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà kò jìnnà sí ibi tí a ti ń tà á.

Kí ló wá ba èrè ìtòsí jẹ́? Nǹkan mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: àwọn tó ni iléeṣẹ́ yí padà, ọ̀nà bàjẹ́, owó epo àti owó náírà sì dojú rú.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2011, Nigerian Breweries, tó wà lábẹ́ Heineken ti ilẹ̀ Netherlands, ra Sona tó ní iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà. Ní 2014, wọ́n da Consolidated Breweries mọ́ ara wọn, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ gba iléeṣẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Ti Iléṣà náà kò gbẹ́yìn. Ní 2012, ó bọ́ sọ́wọ́ SABMiller. Nígbà tó di 2016, AB InBev ti Belgium ra SABMiller fúnra rẹ̀. Ní 2017, wọ́n da Iléṣà pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ Oníṣà àti ti Port Harcourt, gbogbo wọn di ọ̀kan. Ní 2018, AB InBev ṣí iléeṣẹ́ tuntun ńlá kan sí Ṣàgámù, tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 250 dọ́là. Ní 2024, Diageo tó ni Guinness ta ìpín tirẹ̀ nínú Guinness Nigeria fún Tolaram, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Indomie.

N kò sọ pé àwọn àjèjì wọ̀nyí ṣe ohun tí kò dáa. Trophy tí à ń sọ yìí, lẹ́yìn tí ó bọ́ sọ́wọ́ wọn ló wá gbilẹ̀ jákèjádò ìwọ̀-oòrùn gúúsù, tó wá ń bá Star àti Gulder figẹ̀ wọngẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń ronú ti yí padà. Nígbà tí ẹni tó ni iléeṣẹ́ ń gbé Iléṣà, ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Báwo ni iléeṣẹ́ yìí yóò ṣe tà sí i?" Nígbà tí ẹni tó ni ín bá ní iléeṣẹ́ mẹ́rin, ìbéèrè rẹ̀ yóò di pé, "Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni owó rẹ̀ kéré jù láti fi pọntí, èwo la sì lè sé?" Ìbéèrè méjì yìí kò lè ní ìdáhùn kan náà.

Ẹ rí i ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Nigerian Breweries kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ dúró ní iléeṣẹ́ 2 nínú 9 tí wọ́n ní. Àdánù wọn lọ́dún 2023 ti lé ní bílíọ̀nù 100 náírà. Àwọn kọ́ńpìnnì ọtí ńláńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdánù lọ́dún yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbèsè àti ohun èlò wọn, dọ́là ló pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náírà ni wọ́n ń tà á. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ní 2025, èrè tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ìwé Nigerian Breweries. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sé iléeṣẹ́ mọ́ nítòsí, ọ̀nà jíjìn ló kù tí yóò máa rìn.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn iléeṣẹ́ wa kó jọ sí báyìí. Ìkejà, Ìgànmú, Ọ̀tà, Ṣàgámù, gbogbo wọn yí Èkó ká. Ibẹ̀ náà ni Nigerian Distilleries tó ń ṣe Seaman's Schnapps wà, ní Sáǹgó Ọ̀tà, àwọn tó ń ṣe jíìnì Chelsea náà ò sì jìnnà síbẹ̀. Rite Foods tó gbé Bigi jáde ní 2016, Òṣósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n wà. Kò yani lẹ́nu. Èbúté wà l'Ékòó fún ohun tó ń bọ̀ láti òkè òkun, Èkó ni ẹnu tó ń mu ún pọ̀ sí jù, Ṣàgámù sì jẹ́ oríta ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Adó-Èkìtì, ní Ìkàrẹ́, ní Ṣakí tàbí ní Ọ̀fà, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Bí a bá yọ Ìbàdàn àti Iléṣà kúrò, kò sí iléeṣẹ́ ọtí ńlá kankan láàárín Ṣàgámù sí òkè Èkìtì.

Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká fi òwò ọtí wé òwò aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó gbé aṣọ lọ, ó ti gbé e lọ nìyẹn. Ẹni tó gbé ọtí lọ gbọ́dọ̀ gbé ìgò padà. Kíréètì bíà ńlá, ìgò 12 ló wà nínú rẹ̀, sẹ̀ǹtílítà 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìgò àti ike kíréètì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọtí inú rẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú ẹrù tírélà kan, nǹkan bí ìdajì ni à ń mu, ìdajì yòókù ń lọ ó ń bọ̀ ni. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, ìgò ló ń gbọ̀n. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, owó ẹnì kan ló há síbẹ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni gbogbo rẹ̀ so kọ́. Ní 1978 ni wọ́n ṣí i, nǹkan bí kìlómítà 127. Ẹ kíyè sí i pé ọdún kan náà ni Trophy àkọ́kọ́ jáde ní Iléṣà. Àwọn ọdún yẹn, ọ̀nà dáa, iléeṣẹ́ sì wà nítòsí. Ọ̀nà náà bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní láti tún un ṣe láti 2013, iṣẹ́ náà sì gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wálé láàárín àkókò yẹn ni ẹ mọ ohun tí ojú yín rí. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà, àti ti Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ sí Benin, ìjọba àpapọ̀ náà ló ni wọ́n. Gómìnà tó bá fẹ́ ṣe é á ní kì í ṣe tòun, Àbújá tó ni ín ò sì sí nítòsí láti bọ́ sínú kòtò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo tún wá gùn ún lẹ́yìn. Tírélà kì í mu bẹntiróò, dísù ló ń mu. Tipẹ́tipẹ́ ni ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó dísù, kó tó di pé wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí bẹntiróò ti lọ ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísù kan kò tó 300 náírà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 800, nígbà tí ogun Ukraine dá epo lágbàáyé rú. Kò sí ìgò ọtí kankan tí kò san nínú owó yẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pọntí láti ìgbà tí ìjọba ológun ti fòfin de bálì òkè òkun ní 1988, òkè Ọya ló ti ń bọ̀, dísù náà ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọkà ń bọ̀ látòkè, ọtí ń gòkè lọ, orí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti ń pàdé.

Ta ló wá ń san án? Kọ́ńpìnnì ńlá máa ń gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ alágbàtà ńlá. Alágbàtà ńlá náà lágbára díẹ̀, ó ní ọkọ̀, ó ní bánkì tó dúró fún un. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àbúrò yín tó fẹ́ ṣí dẹ́pò, òun ni yóò wá gbé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ní abala ọ̀nà tó burú jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo gbé iye wọ̀nyí kalẹ̀, kó lè yé wa, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ó ń gbé kíréètì 200 lọ́sẹ̀. Ìgò 2,400 nìyẹn. Ká ní èrè rẹ̀ lórí kíréètì kan jẹ́ 300 náírà. Èrè ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ 60,000. Bí ìgò 2 péré bá fọ́ nínú ọgọ́rùn-ún, ìgò 48 ti lọ, kíréètì 4 gbáko. Bó bá jẹ́ 8,000 ló ra kíréètì kan, 32,000 ti dànù sójú títì. Ó ku 28,000. Kò tíì san owó ọkọ̀, kò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù, kò tíì fún àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà ní nǹkan kan, kò sì tíì ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ ò rí i pé ọjà ta, èrè ò sí?

Àwọn kan ti rí ọ̀nà gbà yọ nínú wàhálà ìgò yìí, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ní 2001, La Casera gbé mínírà jáde nínú ike tí kò ní padà. Bigi náà tọ ọ̀nà yẹn, ló bá gba ọjà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ike kì í fọ́, kò wúwo, kò sì sí òfìfo láti gbé padà. Ẹni tí kò ní kíréètì kankan lè bẹ̀rẹ̀ òwò náà lóòjọ́. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tí kò lówó. Ṣùgbọ́n ìgò tí kò padà sí iléeṣẹ́, ojú gọ́tà ló ń lọ, ẹ sì mọ ohun tí òjò ń fi gọ́tà Èkó ṣe. Ohun tí oníṣòwò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àdúgbò ló gbà á.

Ti ọtí líle inú ọ̀rá wá burú jù. A máa ń bínú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi eyín já ọ̀rá kékeré yẹn ní gáréèjì láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká béèrè ìdí tí ọ̀rá fi wà. Páálí kan tó kún fún ọ̀rá jíìnì, ọlọ́kadà lè fi okùn dè é sẹ́yìn kó gbé e dé abúlé tí tírélà kò lè wọ̀. Kò ní fọ́, kò ní òfìfo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀nà burúkú ló sọ ọ̀rá di ọba. Ní 2018, àjọ NAFDAC àti àwọn oníléeṣẹ́ ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò dín in kù, pé kò ní sí mọ́ lẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Nígbà tí àkókò tó tí NAFDAC sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2024, ariwo sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ àwọn yóò lọ, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì tún fi ọjọ́ kún un títí di ìparí 2025. Èmi ò sí lẹ́yìn ọ̀rá, ọmọdé ló ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè lé e lọ bí kò bá sí ọ̀nà tí ìgò tó dáa lè gbà dé ibi tí ọ̀rá ń dé.

Àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ sí Peckham, ẹ ó rí Guinness tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà lórí kántà. Ó ti la òkun kọjá kó tó débẹ̀, ìgò rẹ̀ ò sì fọ́. Omi òkun kò ní kòtò. Bẹ́ẹ̀ ìgò kan náà láti Ìkejà sí Ìkàrẹ́, àdúrà la fi ń rán an lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò sọ pé kí ẹ má fi owó ránṣẹ́ o. Ẹni tó ní kí ọmọ ìyá òun wá iṣẹ́ ṣe, tí kò sì ràn án lọ́wọ́, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ béèrè ìbéèrè díẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé ìfowóránṣẹ́ lọ. Àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ tàbí alágbàtà ńlá wo ló sún mọ́ ọ jù, ọ̀nà wo sì ni ọkọ̀ ń gbà débẹ̀? Bó bá jẹ́ wákàtí kan, kò burú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan, ẹ tún un rò. Ìkejì, kíréètì òfìfo mélòó lo ní, ti kọ́ńpìnnì wo sì ni? Torí pé owó tó ń lọ sórí ìgò òfìfo lè ju ti ọtí inú rẹ̀ lọ, kíréètì kọ́ńpìnnì yìí kì í sì í gba ọtí tọ̀hún. Bí ìlú bá yí ẹnu padà láti orí ọtí kan sí òmíràn, òfìfo ti àtẹ̀yìnwá di ẹrù inú yàrá. Ìkẹta, bí ìgò bá fọ́ lọ́nà, ta ló ń san án? Ìkẹrin, ṣé owó ọwọ́ ni wàá máa tà á, àbí àwìn fún àwọn olóde tí wọn kì í rántí lẹ́yìn òde? Ẹni tí kò lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń ṣe é jókòó fún oṣù mẹ́ta. Owó tí ẹ bá fi ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tàbí fíríìjì fún ẹni tó ti wà nídìí òwò náà lè wúlò ju dẹ́pò tuntun lọ.

Àwọn kan yóò ní ojútùú ni pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́ iléeṣẹ́ ọtí tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ìgbà kan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ayé ìgbà yẹn, owó epo rọ̀bì ń wọlé, dọ́là ò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba náà sì ti di ilé àwọn aláǹgbá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọtí ti wà níbẹ̀, wọn yóò sì kọ́ iléeṣẹ́ síbi tó bá bá ìṣirò wọn mu. Iṣẹ́ ìjọba ni láti yí ìṣirò náà padà. Bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Iléṣà bá dáa, tí ó já sí Àkúrẹ́ àti Adó láìsí kòtò, kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ pé iléeṣẹ́ Iléṣà lérè ju kí a máa gbé ọtí gòkè láti Ṣàgámù lọ. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti ń gbé èrò láti 2021. Ẹ jẹ́ kí àwọn gómìnà wa bá Àbújá sọ ọ́ kí ó máa gbé kíréètì náà lọ, kó sì gbé òfìfo bọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní òkè òkun ń ṣe dáadáa. A ń ra ìwé fún iléèwé, a ń ra bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìwòsàn. Nígbà tí gómìnà tàbí olóyè bá tún wá sí ìpàdé wa, tó ní kí a wá dókòwò nílé, ẹ má jẹ́ kó bá wa sọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tuntun nìkan. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó wà láàárín ìlú rẹ àti iléeṣẹ́ tó sún mọ́ ọ jù. Ẹ ní kó dárúkọ ọ̀nà náà, kó sọ iye kìlómítà tó bàjẹ́, kó sì sọ ọjọ́ tí òun kọ̀wé sí Àbújá lé e lórí. Bí ènìyàn ogún bá béèrè ìbéèrè yìí nínú gbọ̀ngàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, á dé ilé kó tó dé ilé.

Àwọn ìyá tó fi owó kíréètì tọ́ ọmọ dé yunifásítì, wọn kò gbọ́n ju àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ. Ọ̀nà tí wọ́n rìn ló kúrú. Ẹ jẹ́ ká bá àwọn ọmọ náà wá ọ̀nà kúkúrú yẹn padà.